Lẹ́ǹsì màkírò fún ológbò, ajá àti òdòdó: èwo ni kí ará Abẹ́òkúta rà?

Bí ẹ bá béèrè lẹ́ǹsì màkírò, ìyẹn lẹ́ǹsì tí wọ́n fi ń ya nǹkan kékeré ní ìtòsí, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta kámẹ́rà tòkunbọ̀, nọ́ńbà tí wọ́n máa kọ́kọ́ nawọ́ sí ni 1:1. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ojúlówó rèé." Irọ́ kọ́. Àmọ́ nọ́ńbà yẹn ò lè bá yín yan ọ̀kan nínú wọn, torí òun náà ló wà lára lẹ́ǹsì tó kéré jù lọ àti èyí tó ju kílò kan lọ. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ibi tí ẹ máa dúró sí kí fọ́tò tó mọ́. Òdòdó kì í sá. Ológbò máa ń sá, aláǹgbá tún yára jù ú lọ. Oyin ò ní sá, ẹ̀yin lẹ máa sá fún un. Ẹni tó bá ti mọ ohun tó fẹ́ sún mọ́, tó sì mọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe máa gbà á láyè tó, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan lẹ́ǹsì tán kó tó dé ọjà.

Ṣé màkírò gan-an lẹ nílò?

1:1 túmọ̀ sí pé bí nǹkan ṣe tóbi tó lójú ayé, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa jókòó sórí sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú kámẹ́rà. Sẹ́ńsọ̀ Canon 700D tàbí 2000D fẹ̀ tó mìlímítà 22.3, ti Nikon D3500 tàbí D5600 jẹ́ 23.5, ti full frame bíi Canon 6D tàbí Nikon D750 jẹ́ nǹkan bíi 36. Lórí 700D, ẹyinjú ológbò kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fọ́tò láti etí dé etí. Ìgbà mélòó lẹ fẹ́ ẹyinjú nìkan? Ojú ológbò lódindi ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́, pẹ̀lú etí àti irunmú rẹ̀, ìyẹn ò sì ju ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí 1:1 ń ṣe lọ.

Lẹ́ǹsì 18-55 tó bá kámẹ́rà wá gan-an lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí a bá pe 1:1 ní 1, Canon EF-S 18-55mm f/3.5-5.6 IS STM ń dé 0.36, Nikon AF-P 18-55mm ń dé 0.38. Ìyẹn ni pé ohun tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà á kún fọ́tò yín. Hibiscus tó là dáadáa fẹ̀ ju ìyẹn lọ. Tó bá jẹ́ gbogbo òdòdó náà lẹ fẹ́, ẹ fi owó yín sápò. Ẹ yí 18-55 yín dé 55, ẹ sún mọ́ ọn, ó parí.

Inú hibiscus yẹn ni màkírò ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ lọ síbi èyí tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí ilé ká ní Ìbarà láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ọ̀pá kan yọ jáde láàárín òdòdó náà. Apá òkè ọ̀pá ọ̀hún ni àwọn àpò lẹ́búlẹ́bú kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè tò yí ká, oníkálukú lórí okùn tín-ínrín tirẹ̀. Níbi ṣónṣó orí, ọ̀pá náà pín sí márùn-ún, orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan rí roboto, ó pupa, ó sì hu irun. Tí ẹ bá sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ ó rí lẹ́búlẹ́bú tó lẹ̀ mọ́ irun yẹn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò sí bí 18-55 ṣe máa fi ìyẹn hàn yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ixora: ọ̀kọ̀ọ̀kan òdòdó tó para pọ̀ di ìdì kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná ọwọ́ lọ. Ní ti ajá, imú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ìlà tó wà lórí imú ajá kan kì í bá ti òmíràn dọ́gba, àwọn tó fẹ́ràn ajá wọn sì máa ń sanwó fún irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá rí ọ̀kan rí.

Àlàfo iwájú lẹ́ǹsì

Lára gbogbo lẹ́ǹsì, wọ́n máa ń kọ ibi tó ti lè sún mọ́ nǹkan jù. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn tàn yín. Láti orí sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe láti ẹnu lẹ́ǹsì. (Ẹ wo orí kámẹ́rà yín, ẹ ó rí àmì roboto kékeré kan tí ìlà là láàárín, ibẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ wà.) Tí ẹ bá yọ ara kámẹ́rà àti gígùn lẹ́ǹsì kúrò, èyí tó ṣẹ́ kù ló kan ológbò. Bó ṣe rí ní 1:1 nìyí:

| Lẹ́ǹsì | Láti sẹ́ńsọ̀ | Àlàfo tó kù níwájú | Ìwúwo |
|---|---|---|---|
| Canon EF-S 35mm f/2.8 IS STM | 13 cm | bíi 3 cm | 190 g |
| Nikon DX 40mm f/2.8G | 16.3 cm | bíi 3.5 cm | 235 g |
| Nikon 60mm f/2.8G | 18.5 cm | bíi 5 cm | 425 g |
| Canon EF-S 60mm f/2.8 | 20 cm | bíi 9 cm | 335 g |
| Tamron SP 90mm f/2.8 (F017) | 30 cm | bíi 14 cm | bíi 600 g |
| Canon EF 100mm f/2.8L IS | 30 cm | bíi 13 cm | 625 g |
| Nikon 105mm f/2.8G VR | 31 cm | bíi 15 cm | ju 700 g lọ |
| Canon EF 180mm f/3.5L | 48 cm | bíi 24 cm | 1,090 g |

Ẹ kíyè sí 60mm méjèèjì. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, síbẹ̀ àlàfo ti Canon fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ti Nikon lọ ní ìlọ́po méjì. Tí ẹ bá tún fi ìbòrí oòrùn sí ẹnu lẹ́ǹsì, ẹ yọ ìyẹn náà kúrò.

Mi ò kọ owó síbẹ̀. Iye tí wọ́n ń pè ń yí padà bí dọ́là ṣe ń lọ sókè sódò, ohun tí mo bá kọ lónìí lè ti di àtijọ́ kí ẹ tó kà á tán. Ẹ kàn mọ̀ pé láti òkè dé ìsàlẹ̀ tábìlì yẹn, owó sábà máa ń pọ̀ sí i.

Àwọn kúkúrú: 35 àti 40

Bọ̀bọ́ kan tó ń ṣe fọ́tò ní Pánṣẹ́kẹ́ gbé Canon 35 yìí wá bá mi. Inú rẹ̀ dùn, ó ń tan iná ẹnu rẹ̀ tó sì ń pa á.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ó ní iná lára o! Ẹ ò rí i pé kò sí ohun tí màá tún fi fíláàṣì ṣe mọ́?"

"Àbúrò, kí lo fẹ́ fi yà?"

"Ajá ni sà."

Mo ní kó gbé e sún mọ́ ajá ilé tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ wa. Ajá gbójú sókè, ó gbóòórùn ẹnu lẹ́ǹsì, ó sì fi ahọ́n lá a. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ò tó nǹkan.

Iná yẹn wúlò o. Òun ló mú kí lẹ́ǹsì yìí, tó jáde lọ́dún 2017, yàtọ̀ sí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, torí ìṣòro tó tóbi jù fún lẹ́ǹsì kúkúrú ni òjìji ara rẹ̀: ó sún mọ́ nǹkan débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń dí ìmọ́lẹ̀. Tí ẹ bá ń ya òdòdó ní abẹ́ igi, tàbí ìgbín lórí ògiri tó tutù, iná méjì tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ẹnu rẹ̀ máa gbà yín. Ṣùgbọ́n nínú ẹyinjú ẹran, iná méjèèjì á hàn gbangba, kò sì dára wò. Nikon 40 ò ní iná, kò sì ní VR (ohun tó ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù, tí Canon ń pè ní IS), ṣùgbọ́n ó mọ́ bí ojú, ó fúyẹ́, ó sì máa ń wà lára èyí tó kéré lówó jù nínú ojúlówó màkírò Nikon. Ẹni tí òdòdó nìkan bá jẹ lógún, tí owó rẹ̀ ò sì pọ̀, kó mú ọ̀kan nínú méjèèjì, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ya ohun ẹlẹ́mìí, kó má wulẹ̀ wò wọ́n.

Ọgọ́ta

Mi ò ní pẹ́ níbí. 60mm dára fún òdòdó, ó sì dára púpọ̀ fún ẹni tó tún ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò àdìrẹ ní Ìtòkú, torí ẹ lè ya aṣọ lódindi láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa fẹ̀yìn rìn títí dé ojú títì, kí ẹ sì tún sún mọ́ ibi tí aró ti dúró lára òwú. Fún ológbò tó bá mọ̀ yín, ó lè ṣe é. Fún èyí tí ò mọ̀ yín, kò ní ṣe é. Ẹ rántí pé EF-S 60 ti Canon kì í wọ full frame: tí ẹ bá ní i lọ́kàn láti ra 6D tó bá dọdún tó ń bọ̀, ẹ fò ó dá. Ti Nikon f/2.8G ń bá méjèèjì lọ.

Àádọ́rùn-ún dé márùn-ún lé lọ́gọ́rùn-ún

Ibí ni mo wà, mi ò sì fi bò: fún ẹni tó fẹ́ ya ẹran àti òdòdó pọ̀, nínú ìlú yìí, lẹ́ǹsì tó wà láàárín 90 sí 105 ni kí ó dá owó jọ rà. Àlàfo rẹ̀ ni ìdí kìíní. Ní 1:1, ọwọ́ ẹran ò ní tètè kàn án. Bí ẹ bá sì fẹ́ ojú ológbò lódindi, ẹ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìdajì mítà, níbi tí ológbò á ti gbàgbé pé ẹ wà níbẹ̀.

Ìdí kejì ni ẹ̀yìn fọ́tò. Ẹ gun Olúmọ kí ẹ wo ìsàlẹ̀: páànù tó ti dípẹtà lórí páànù. Inú àgbàlá wa náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ibi yòówù tí òdòdó bá wà, okùn ìsáṣọ wà lẹ́yìn rẹ̀, wáyà iná wà, jẹ́nẹ́rétọ̀ wà, kẹ́ẹ̀gì omi wà. Lẹ́ǹsì 35 á kó gbogbo wọn wọ inú fọ́tò. 100 kì í rí ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ohun tó wà lẹ́yìn lọ, ohun tó bá sì rí náà, á pò ó pọ̀ di àwọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kẹ́ẹ̀gì ti di àwọ̀ ewé.

Ìdí kẹta ni oúnjẹ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, mélòó ló ń fi fọ́tò ológbò jẹun l'Ábẹ́òkúta? Ìgbéyàwó àti òkú ṣíṣe ló ń gbé ọ̀pọ̀ wa dúró. Lẹ́ǹsì 100mm f/2.8 yìí kan náà ló máa ya òrùka ìyàwó lọ́jọ́ Sátidé, òun ló máa ya iṣẹ́ ara gèlè, tí ìyàwó bá sì jókòó tán, òun ló máa ya ojú rẹ̀ láìfà á gùn, láìmú imú rẹ̀ tóbi. Owó tí ẹ fi rà á á máa padà wọlé láti ibi tí kò kan ẹran rárá.

Ẹ wá jẹ́ ká fi wọ́n wéra wọn. Canon EF 100mm pín sí méjì tí wọ́n ń tà lọ́jà: èyí tí ò ní lẹ́tà L, tó jáde lọ́dún 2000, àti èyí tó ní L àti IS, tó jáde lọ́dún 2009. Ẹ mọ ti L láti ara ìlà pupa tó yí ẹnu rẹ̀ ká. Bí wọ́n ṣe ń mú nǹkan mọ́ kò jìnnà síra wọn tó bí owó wọn ṣe jìnnà síra. IS ni ẹ ń sanwó fún, pẹ̀lú rọ́bà ìdí lẹ́ǹsì tó ń lé eruku sẹ́yìn, èyí tó ṣe pàtàkì lásìkò ọyẹ́.

Ṣé IS yẹn tó ohun à ń náwó sí? Ó tó fún ojú ẹran àti fún ìgbéyàwó. Kò fi bẹ́ẹ̀ tó fún 1:1. Canon fúnra rẹ̀ sọ pé ìrànlọ́wọ́ stop mẹ́rin (stop kan ń jẹ́ kí ojú kámẹ́rà lè ṣí pẹ́ ní ìlọ́po méjì) tó ń ṣe lókèèrè máa ń já sí nǹkan bíi méjì tí ẹ bá ti dé 1:1. VR ti Nikon náà ń rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń sún mọ́ nǹkan. Yàtọ̀ sí èyí, ọwọ́ yín nìkan ni IS ń mú dúró. Kò lè ní kí atẹ́gùn má mi òdòdó, kò lè ní kí ológbò má mí. Bí owó bá há yín, ẹ ra èyí tí ò ní L, ẹ fi ìyókù ra fíláàṣì.

Nikon 105 VR ti ọdún 2006 le dáadáa, kì í yọ gùn jáde tí ẹ bá ń yí fókọ́ọ̀sì, ó sì wúwo lọ́wọ́. Ohun kan máa ń já àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á láyà: ẹ ṣí i sí f/2.8 (bí nọ́ńbà f yìí bá ṣe ń pọ̀ ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń kéré), ẹ sún mọ́ òdòdó, kámẹ́rà bá kọ f/4.8. Kò bàjẹ́. Gbogbo lẹ́ǹsì màkírò ló máa ń pàdánù ìmọ́lẹ̀ tó bá ti dé 1:1. Nikon ló sọ ọ́ síta, Canon á kàn máa kọ 2.8 lọ. Ẹ tún ṣọ́ra fún Nikon 105 àti 60 àtijọ́ tí wọ́n kọ AF-D sí. Ọlọ́jà á ní ó wọ D3500 yín, ó sì máa wọ̀ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, torí mọ́tò ò sí nínú lẹ́ǹsì náà, kò sì sí nínú D3500 tàbí D5600. Fún òdòdó, kò burú, ọwọ́ la fi ń yí fókọ́ọ̀sì òdòdó tẹ́lẹ̀. Fún ajá, ìyà ni.

Tamron 90 wá jẹ́ àbúrò tí kò dá bí ẹni kéré. Owó rẹ̀ sábà máa ń dín sí ti Canon L àti Nikon VR, fọ́tò rẹ̀ kò sì ní fi yín hàn pé ẹ dín owó. Ẹ wo nọ́ńbà ìdí rẹ̀. F004 àti F017 ní VC, ìyẹn ohun tí Canon ń pè ní IS, wọn kì í sì í yọ gùn. 272E àtijọ́ ò ní in, ẹnu rẹ̀ á sì yọ jáde gan-an bó bá ń sún mọ́ nǹkan. Ohun tó yọ jáde ń jẹ àlàfo, ó ń fa eruku, ó sì ń dẹ́rù ba ológbò.

180mm ńkọ́? Ẹni tí labalábá àti kòkòrò bá ti di iṣẹ́ rẹ̀, tó ń jí wọ inú ọgbà FUNAAB pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, kó rà á. Ó wúwo, kò ní IS, ó sì gbówó lórí. Ológbò ilé ò nílò ẹ̀.

Súùmù tí wọ́n kọ "MACRO" sí

Àwọn tó mọ fọ́tò máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò sí lára wọn. Sigma 70-300mm f/4-5.6 DG Macro àti Tamron 70-300mm f/4-5.6 Di LD Macro kì í dé 1:1, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ń dé, 1:2. Ẹ gbọ́dọ̀ yí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ wọn sí Macro kó tó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é: sẹ̀ǹtímítà 95 láti sẹ́ńsọ̀. Ó ku díẹ̀ kó pé mítà kan! Kò sí ìkankan nínú tábìlì òkè yẹn tó súnmọ́ èyí. Akọ aláǹgbá olórí pupa tó ń mi orí lórí ògiri, ẹ ò lè gbé 100mm débi tí orí rẹ̀ á fi kún fọ́tò, á ti wọ abẹ́ páànù. 70-300 á yà á níbi tó wà. Bákan náà ni oyin àti labalábá.

Àléébù rẹ̀: ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, kò ní IS, ní 300 kì í sì í mú ṣinṣin bí ojúlówó màkírò. Fún ẹni tó ń ya ẹran tó ń sá, tí kò tíì lówó 100, mo fẹ́ èyí ju 35 lọ.

Tí kò bá sówó rárá

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni òrùka ìfàgùn, páìpù òfìfo tí wọ́n ń fi sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì. Kò ní gíláàsì nínú, nítorí náà kò ní ohun tó máa fi ba fọ́tò jẹ́. Ti Kenko máa ń wá ní mẹ́ta: 12, 20 àti 36 mìlímítà. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi gígùn òrùka pín sí ọ̀nà iye mìlímítà lẹ́ǹsì, kí ẹ rò ó mọ́ ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Canon 50mm f/1.8 STM ń ṣe 0.21; ẹ fi 36 sí i, 36 nínú 50 jẹ́ 0.72, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.93. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 1:1 nìyẹn, pẹ̀lú lẹ́ǹsì tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ fọtógíráfà ìlú yìí tẹ́lẹ̀. Àlàfo iwájú rẹ̀ kúrú, òdòdó ló wà fún.

Ẹ ra èyí tó ní irin tó ń gbé iná kọjá láti kámẹ́rà sí lẹ́ǹsì. Àwọn tí ò ní i pọ̀ lọ́jà, wọ́n sì pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n lórí Canon, ojú lẹ́ǹsì á ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ ò ní lè dín in kù. Lórí lẹ́ǹsì G ti Nikon, òdìkejì ni, á pa dé pátápátá, ibi tí ẹ ń wò á ṣókùnkùn.

Ọ̀nà kejì, tí mo fẹ́ràn jù fún ẹran, ni Raynox: gíláàsì kékeré tó ń há sí iwájú lẹ́ǹsì tí ẹnu rẹ̀ wà láàárín 52 sí 67 mìlímítà. DCR-250 lágbára, ẹ ó sì máa dúró bíi sẹ̀ǹtímítà méjìlá sí nǹkan. DCR-150 rọ̀ jù ú lọ, ẹ ó dúró ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà ogún. Tí ẹ bá fi 150 síwájú Canon 55-250 tí ẹ yí i dé 250, ẹ ti kọjá 1:1 díẹ̀, àlàfo yín sì ju ti 100L lọ. Àárín gbùngbùn fọ́tò á mọ́ ju etí rẹ̀ lọ, ìyẹn ò sì pa ojú ológbò lára.

Ọ̀nà kẹta ni yíyí lẹ́ǹsì sẹ́yìn pẹ̀lú òrùka kan tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ìdí lẹ́ǹsì ló máa wà níta, níwájú ológbò tó ní èékánná.

Ìmọ́lẹ̀ ju lẹ́ǹsì lọ

Ní 1:1, tí ẹ bá fi lẹ́ǹsì sí f/8, ibi tó máa mọ́ kò tó mìlímítà kan. Ojú oyin á mọ́, ìyẹ́ rẹ̀ á ṣe bàìbàì. Ẹ fẹ́ pa á dé sí f/11, ìmọ́lẹ̀ tún dín kù. Ẹ kọjá f/16, fọ́tò lódindi á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ajá tún fẹ́ kí kámẹ́rà yára tó 1/250 ìṣẹ́jú-àáyá ó kéré tán. Ibo ni ìmọ́lẹ̀ fẹ́ ti wá? Oòrùn ọ̀sán gangan ń jó òdòdó pupa mọ́lẹ̀, ó sì ń mú ojú ológbò di ìlà kan ṣoṣo. Láàárọ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, tàbí ìrọ̀lẹ́, dára, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ò tó fún f/11.

Fíláàṣì ni, kì í ṣe èyí tó wà lórí kámẹ́rà, torí ẹnu lẹ́ǹsì á dí i. Fíláàṣì ìta, tí ẹ fi aṣọ funfun tàbí ike funfun bo ẹnu rẹ̀, tí ẹ gbé wá sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì, á dá òjìji tó rọ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ rárá, ìyẹn ló ń jẹ́ kí òdòdó tó ń mì dúró sójú kan. Ẹni tó ní Canon 250D kó béèrè dáadáa kó tó ra fíláàṣì olówó pọ́ọ́kú: Canon yọ irin àárín kúrò níbi tí à ń ki fíláàṣì sí lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ fíláàṣì tí kì í ṣe ti Canon kò sì ní tàn níbẹ̀.

Kámẹ́rà tuntun àti fóònù

Lórí Canon R, RF 100mm f/2.8L tó jáde lọ́dún 2021 ń dé 1.4, ó kọjá 1:1. Nikon Z ní MC 105mm f/2.8 VR S, Sony ní FE 90mm f/2.8 G OSS. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dára, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ́n. EF 100 àtijọ́ ń ṣiṣẹ́ lórí Canon R pẹ̀lú ádápítà, fókọ́ọ̀sì rẹ̀ sì ń lọ geere. Èmi ò rí ìdí tí ẹni tó ní i tẹ́lẹ̀ fi máa sáré tà á.

Fóònù ńlá bíi iPhone 13 Pro lè mú fókọ́ọ̀sì ní sẹ̀ǹtímítà méjì, ó sì dára fún òdòdó. Èyí tí wọ́n ń pè ní màkírò lórí ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú, mẹ́gápíksẹ̀lì méjì, orúkọ lásán ni.

Kí ẹ tó san owó

Ìkẹjà ni èyí tó pọ̀ jù máa ń wà. Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Láderin, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Agége, ibẹ̀ ò jìnnà mọ́. Ẹ gbé kámẹ́rà yín dání, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ti ọlọ́jà.

Ẹ kọ́kọ́ tan iná tọ́ọ̀ṣì gba ìdí lẹ́ǹsì kọjá, kí ẹ wò ó láti iwájú. Lẹ́ǹsì máa ń bu bíi búrẹ́dì nílẹ̀ wa, torí ọ̀rinrin ìgbà òjò: tí ẹ bá rí ohun tó ta ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn nínú gíláàsì, ẹ dá a padà, bó ti wù kí owó rẹ̀ dínkù tó. Eruku ẹyọ kan méjì ò ṣe nǹkan. Lẹ́yìn náà, ẹ yí fókọ́ọ̀sì láti òpin dé òpin. Kò gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti ń há, kò gbọ́dọ̀ pariwo bí ẹni ń lọ yanrìn. Tó bá ní IS tàbí VR, ẹ tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì kí ẹ gbé etí sí i, ẹ ó gbọ́ ìró kékeré kan, àwòrán á sì fara balẹ̀ lójú yín. Ẹ ya owó náírà kan ní 1:1 ní f/8, kí ẹ sún un tóbi lórí kámẹ́rà, kí ẹ wo bóyá lẹ́tà wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ mọ́ láàárín àti létí. Ọlọ́jà tí ò bá gbà kí ẹ ṣe gbogbo èyí, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.